Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Sọ́fítíwíà Ìyàwòrán Tó Rọrùn fún Kọ̀ǹpútà Ibi Iṣẹ́, Kí Ẹ sì Tún Un Tò Kó Bá Iṣẹ́ Yín Mu

Ní Òṣogbo níbí, bí ènìyàn bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ì báà jẹ́ ní Òkè-Fìà tàbí lẹ́bàá Ọjà-Ọba, kò ní tíì ra àga tán tí yóò fi máa bèèrè ta ló ní CorelDRAW, sọ́fítíwíà ńlá tí wọ́n fi ń ya lógò àti bánà, nínú fláàṣì. Àwọn ọ́fíìsì náà kò gbẹ́yìn. Akọ̀wé tí kò ní ju kó fi ọfà pupa sára àwòrán ojú kọ̀ǹpútà lọ, Photoshop, sọ́fítíwíà ńlá fún fọ́tò, tí wọ́n jí láìsanwó ni wọ́n máa gbé fún un. Kọ̀ǹpútà á wá di èyí tí wọ́n tàn ní aago mẹ́jọ tí kò ní jí títí di aago mẹ́jọ ààbọ̀.

Èrò tèmi ni pé sọ́fítíwíà kékeré tí ẹ tún tò dáadáa, tí fọ́ǹtì rẹ̀ (ìrísí lẹ́tà) pé, tí gbogbo ẹni tó wà ní ọ́fíìsì mọ̀ ọ́n lò, yóò ṣe yín láǹfààní ju gbankọgbì tí wọ́n jí, tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ojú rẹ̀. Windows ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí òun ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí mo máa dárúkọ ló ń ṣiṣẹ́ lórí Linux náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ sọ́fítíwíà

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pé àwòrán wo ló yà ní oṣù tó kọjá. Kì í ṣe èyí tó wù ú láti yà o, èyí tó yà gan-an. Ẹ óò rí i pé iṣẹ́ náà kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Ẹnì kan gé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ẹnì kan ya àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹnì kan to àpótí àti ìlà láti fi hàn ta ni ọ̀gá ta ni. Ẹni tó wà ní ilé aláró ya bátànì àdìrẹ tuntun. Lógò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sórí rìsíìtì lónìí, tí wọ́n á tún fẹ́ tẹ̀ sórí bánà lọ́la.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà méjì, nítorí pé oríṣi sọ́fítíwíà méjì ló wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Oríṣi àkọ́kọ́ ń fi píksẹ́lì yàwòrán. Ẹ rántí àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ tí Jimoh Buraimoh fi gba orúkọ ní Òṣogbo láti àwọn ọdún 1960: bí ẹ bá dúró lókèèrè, ojú ènìyàn ni ẹ ń rí, bí ẹ bá súnmọ́ ọn, ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni píksẹ́lì. Bí ẹ bá fẹ àwòrán náà ju bó ṣe yẹ lọ, ìlẹ̀kẹ̀ ni ẹ ń fẹ̀, etí lẹ́tà á wá rí págunpàgun. Fọ́tò àti àwòrán ojú kọ̀ǹpútà kò ní ọ̀nà mìíràn, píksẹ́lì ni wọ́n.

Oríṣi kejì kì í tọ́jú ìlẹ̀kẹ̀ kankan. Ohun tó ń tọ́jú ni ìṣirò: ìlà bẹ̀rẹ̀ níbí, ó tẹ̀ báyìí, ó parí síbẹ̀ yẹn. Nítorí náà, ẹ lè fẹ̀ ẹ́ láti orí rìsíìtì dé orí pátákó ojú títì, etí rẹ̀ á ṣì mú. SVG ni orúkọ irú fáìlì rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù. Lógò, àmì ilẹ̀kùn, bátànì àti àwòrán ilé, ibí yìí ni kí wọ́n wà.

Bí iṣẹ́ yín bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo, sọ́fítíwíà kan ti tó. Bó bá jẹ́ méjèèjì, ẹ mú méjì. Mi ò tíì rí ọ́fíìsì kékeré tó nílò mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo agbára kọ̀ǹpútà tó rẹ̀yìn jù

Èyí tó dára jù kọ́ ni kí ẹ wò, èyí tó ti gbó jù lọ ni. Bí sọ́fítíwíà bá ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá nìkan, gbogbo fáìlì ló máa wá tò sí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá. Ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ System, kí ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ About sí. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ kọ sílẹ̀: iye RAM (àyè tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí), bóyá 32-bit ni tàbí 64-bit, àti irú Windows tó wà lórí rẹ̀.

Tí RAM bá jẹ́ 4GB, ẹ má retí pé ẹ máa ṣí GIMP (sọ́fítíwíà ńlá fún fọ́tò), kí ẹ ṣí Chrome tó ní táàbù ogún, kí ẹ tún máa gbọ́ orin. Paint àti Paint.NET á rìn dáadáa níbẹ̀, Inkscape (ti ìlà àti lógò) náà á rìn bí àwòrán kò bá díjú. Ní ìgbésẹ̀ kẹrin ni mo máa ṣàlàyé wọn. Ẹ kíyè sí i pé Paint.NET tòde òní kò gba Windows 7, kò sì gba 32-bit. Ọ̀rọ̀ Windows 10 náà wà nílẹ̀: láti ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró, títí kan àtúnṣe tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì. Kò ní kí kọ̀ǹpútà yín kú, àmọ́ ìdí nìyẹn tí mo fi máa tẹnu mọ́ ọn nísàlẹ̀ pé kí ẹ má kó fáìlì láti ibikíbi tí ẹ bá ti rí i.

Ẹ tún wo ti iná. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára kò ní wàhálà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé e dúró bí iná bá lọ) ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí pé láàárín ìgbà tí iná lọ sí ìgbà tí ẹnì kan fa jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ tí wọn ò tíì tọ́jú ti lọ. Inkscape ní ètò tó ń tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀: ẹ lọ sí Edit, Preferences, Input/Output, Autosave, kí ẹ rí i pé ó wà ní títàn, kí ẹ sì dín ìṣẹ́jú rẹ̀ kù sí márùn-ún. LibreOffice, àkójọ sọ́fítíwíà ọ́fíìsì, ní tirẹ̀ ní Tools, Options, Load/Save, General, níbi tí wọ́n kọ AutoRecovery sí. Krita, tí àwọn tó ń kun àwòrán ń lò, náà ní i. Paint kò ní, Paint.NET kò ní. Ẹni tó bá ń lo méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ ni kó mọ́ Ctrl àti S.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka ìwé àṣẹ rẹ̀

Ibí yìí ni mo máa ń rí i pé àwọn ọ́fíìsì kì í dúró sí rárá. Sọ́fítíwíà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń lò ó nílé lè má jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ibi iṣẹ́. IrfanView tí gbogbo wa mọ̀ fún wíwo fọ́tò jẹ́ ọ̀fẹ́ nílé, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń pa owó ní láti sanwó. FastStone Image Viewer náà nìyẹn. Owó wọn kò pọ̀, kò sì sí ohun tó burú nínú kí ẹ san án. Kí ẹ ṣáà ti mọ̀ kí ẹ tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá.

Paint.NET gba kí ilé iṣẹ́ lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá gbà á ní ìkànnì rẹ̀. Èyí tó wà ní Microsoft Store ni wọ́n ń ta. Bẹ́ẹ̀ ni ti Krita: ọ̀fẹ́ ni ní krita.org, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba owó ní Store láti fi ran àwọn tó ń ṣe é lọ́wọ́. GIMP, Inkscape àti LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni, níbikíbi, iye kọ̀ǹpútà yòówù kó jẹ́.

Ní ti èyí tí wọ́n jí, ẹ wo ohun tí ẹni tó fún yín máa ń kọ́kọ́ sọ: "Ẹ pa antivirus ná." Ilé tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ lóru kí àlejò lè wọlé, ẹ ti mọ ẹni tó ń bọ̀. Mi ò sọ pé CorelDRAW kò dára o. Ó dára, àwọn tó ń fi í jẹun mọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tó o, kó rà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mú ọ̀kan

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Paint tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Láti 1985 tí Windows àkọ́kọ́ ti jáde ni wọ́n ti ń fún wa ní irú rẹ̀. Ní 2017, Microsoft kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun tí wọn kò ní fi agbára lé mọ́, aráyé pariwo, wọ́n fi í sílẹ̀. Ní 2023, wọ́n wá fi layers sí ti Windows 11, ìyẹn ni pé ẹ lè ya nǹkan kan sórí òmíràn láìba ti ìsàlẹ̀ jẹ́, ó sì lè yọ ohun tó wà lẹ́yìn fọ́tò kúrò. Fún gígé fọ́tò, fífi ọfà sí àwòrán àti dídín fọ́tò kù kó lè wọ ìkànnì tó ní kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, Paint ti tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Bó bá jẹ́ Windows 10 ni ẹ ń lò, tí ẹ sì fẹ́ layers, Paint.NET ni. Níléèwé gíga Washington State University ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ṣì yá bí nǹkan kékeré. Ẹni tó mọ Paint á mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sán kan. Ẹni tó wà lórí Linux lè mú Pinta, tí wọ́n fi Paint.NET ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀. GIMP lágbára jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì rẹ̀ pọ̀. Fún ẹni tó ń tún fọ́tò ìgbéyàwó ṣe lójoojúmọ́ ni mo máa fún, kì í ṣe fún akọ̀wé.

Ní ti ìlà àti lógò, Inkscape. Tí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan fún ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré tàbí ilé aláró, òun ni mo máa mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń ṣí PDF, ó ń tẹ PDF jáde, ó sì ní ohun kan fún bátànì tí mo máa fi hàn yín láìpẹ́.

Ẹni tó jẹ́ pé àpótí àti ìlà ló ń tò, tàbí tó ń ya bí wọ́n ṣe máa to tábìlì sínú ọ́fíìsì tuntun, kó lọ sí LibreOffice Draw. Bí ẹ bá fi ìlà so àpótí méjì pọ̀, tí ẹ wá fa àpótí kan lọ síbòmíràn, ìlà náà á tẹ̀ lé e. Ó tún ní ìlà tó ń kọ ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ti ní LibreOffice lórí kọ̀ǹpútà fún lẹ́tà kíkọ, tí wọn kò ṣí Draw rí.

Ìgbésẹ̀ kárùn-ún: Ẹ gbà á níbi tó tọ́

Ìkànnì àwọn tó ni í ni kí ẹ lọ: getpaint.net, inkscape.org, gimp.org, krita.org, libreoffice.org. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ orúkọ náà sókè. Ẹ má tẹ èyí tó kọ́kọ́ yọ lórí Google, torí pé ìpolówó ni ó sábà máa ń jẹ́. Kódà lójú ìwé Paint.NET, ìpolówó máa ń wà tó ní bọ́tìnnì ńlá tí wọ́n kọ Download sí. Ẹ fara balẹ̀ wá èyí tó ní orúkọ sọ́fítíwíà náà àti nọ́ńbà rẹ̀.

Dátà kì í ṣe omi òjò, LibreOffice nìkan sì ju 300MB lọ. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ kó o sí fláàṣì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, kí ẹ máa gbé e káàkiri. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máùsì tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ sí Properties, kí ẹ wá ojú ìwé Digital Signatures. Lórí LibreOffice, The Document Foundation ni ẹ máa rí níbẹ̀. Tí fáìlì kan bá sọ pé LibreOffice lòun, tí kò sì sí orúkọ kankan níbẹ̀, ẹ jù ú nù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ tún un tò

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ní sọ́fítíwíà, tí ẹ kò sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìdá tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní àìdára sọ́fítíwíà, àìtò ni.

Fọ́ǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé:

"Ọ̀gá, mo fi àmì sí orúkọ ìyá wa nínú bébà tí mo fún yín. Kí ló dé tí kò sí lórí bánà?"

"Ẹ má bínú, mà. Fọ́ǹtì yẹn ni kò gbà á."

"Ẹ fi èyí tó gbà á kọ ọ́ nígbà náà."

Òótọ́ ni màmá ń sọ. Kọ̀ǹpútà ní ẹ àti ọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà odidi, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kì í ṣe lẹ́tà kan lójú rẹ̀. Lẹ́tà ni pẹ̀lú àmì ohùn tí fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa gbé e lé. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n á ju àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó lọ yá lẹ́tà náà láti inú fọ́ǹtì mìíràn, tí lẹ́tà kan á sì rí gbẹ́gẹ́dẹ́ láàárín àwọn tó sanra. Àwọn fọ́ǹtì onídàńdógó tí wọ́n fẹ́ràn fún káàdì ìgbéyàwó ló ń ṣe báyìí jù. Noto Sans, Noto Serif, DejaVu Sans, Gentium àti Charis SIL gbà á dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Ẹ gbà wọ́n, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máùsì tẹ fáìlì náà, ẹ yan Install for all users, kí ẹ pa sọ́fítíwíà yín kí ẹ tún un ṣí.

Kí ẹ tó gba fọ́ǹtì tuntun kankan wọlé, ẹ fi í kọ "Ọ̀ṣun Òṣogbo, ẹ̀kọ́, ọ̀ṣọ́, ńlá, ẸGBẸ́" kó tóbi dáadáa, kí ẹ sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà wò ó. Bí àmì kan bá gbun, tàbí tí ojú lẹ́tà kan yàtọ̀, kò yege. Lẹ́tà ńlá tó ní àmì lókè àti àmì nísàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣubú.

Kíbọ́ọ̀dù ló kàn. Ẹ ṣí Settings, Time & language, Language & region, kí ẹ fi Yorùbá kún èdè tó wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú Space ni ẹ ó máa fi yí i padà. Àwọn kan fẹ́ràn Keyman, sọ́fítíwíà kíbọ́ọ̀dù ti àjọ SIL, ju ti Windows lọ, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú, ṣùgbọ́n kí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lo ọ̀kan náà, kí ọwọ́ ẹni tó bá yí àga má ṣe máa ṣìnà.

Nínú Paint, bí ẹ bá ti kọ ọ̀rọ̀ tán tí ẹ sì tẹ ibòmíràn, ọ̀rọ̀ náà ti di àwòrán, ẹ kò lè tún un kọ mọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi sí i kẹ́yìn. Nínú Inkscape, ọ̀rọ̀ á máa jẹ́ ọ̀rọ̀ títí ẹ ó fi yí i padà. Nígbà tí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kó bá yín tẹ̀ ẹ́, bóyá kò ní fọ́ǹtì yín. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, ẹ yan gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀dà, kí ẹ lọ sí Path, Object to Path. Àmì ohùn yín á dúró síbi tí ẹ fi í sí, ẹnikẹ́ni ì báà ṣí i. Èyí tí kò yí padà ni kí ẹ tọ́jú sọ́dọ̀ ara yín.

Lẹ́yìn fọ́ǹtì, ẹ ṣe àwòṣe ìwé. Bébà A4 tó máa tẹ̀ jáde dáadáa ní 300 píksẹ́lì fún íǹṣì kan jẹ́ 2480 ní fífẹ̀ àti 3508 ní gígùn. Nínú Paint, Ctrl àti E ló ń ṣí ibi tí ẹ ti máa kọ ìwọ̀n yìí. Ẹ ya orí ìwé ilé iṣẹ́ yín sí i, ẹ tọ́jú rẹ̀ ní PNG (irú fáìlì àwòrán kan), kí ẹ lọ sí Properties fáìlì náà kí ẹ fi àmì sí Read-only. Ẹni tó bá ṣí i á ní láti fi orúkọ mìíràn tọ́jú iṣẹ́ tirẹ̀, kò ní lè kọ nǹkan lé ti gbogbo ilé lórí. Inkscape tilẹ̀ ní Save Template lábẹ́ File, ẹ sì lè sọ fún un pé òun ni kó máa kọ́kọ́ yọ nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣí ìwé tuntun.

Àwọ̀ wá ńkọ́? Ìlú aró ni wá, a mọ̀ pé aró kan ju aró kan lọ. Síbẹ̀ nínú ọ́fíìsì kan náà, ẹ óò rí lógò tó jẹ́ búlúù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé ojú ni olúkúlùkù fi ń yan àwọ̀. Ẹ ṣí Notepad, kí ẹ kọ báyìí:

GIMP Palette
Name: Aro
#
28 36 84 Aró dúdú
52 72 140 Aró àárín
126 154 204 Aró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́
240 236 220 Funfun ẹlẹ́kọ

Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan ni ìwọ̀n pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, láti 0 dé 255. Ẹ fi ti ilé iṣẹ́ yín rọ́pò tèmi. Nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀, ẹ yan All files, ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní aro.gpl, kí Notepad má baà fi .txt sí i nídìí. Nínú Inkscape, ẹ lọ sí Edit, Preferences, System, ẹ óò rí fódà tí wọ́n pè ní User palettes. Ibẹ̀ ni kí ẹ kó o sí. Fáìlì kan náà á ṣiṣẹ́ nínú GIMP. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí ẹni tó máa fi ojú yan àwọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin aláró, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ fi kálàmù dúdú ya bátànì ẹyọ kan sórí bébà funfun, ẹ yà á ní fọ́tò níbi tí oòrùn ti tan dáadáa, láìsí òjìji ọwọ́ yín lórí rẹ̀. Ẹ fà á wọnú Inkscape, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ pé òun ni ẹ yàn, kí ẹ lọ sí Path, Trace Bitmap. Ẹ yí Threshold sókè sódò títí ìlà náà á fi mọ́ láìní ẹ̀gbin ní ẹ̀gbẹ́, ẹ tẹ Apply, kí ẹ sì pa fọ́tò ìsàlẹ̀ rẹ́. Ó ti di ìlà nìyẹn. Nísinsìnyí, ẹ lọ sí Edit, Clone, Create Tiled Clones, kí ẹ kọ iye ìlà àti iye òpó tí ẹ fẹ́. Yóò tò ó kún ojú ìwé. Bí ẹ bá tún ẹyọ àkọ́kọ́ ṣe, bí ẹ bá fi kún ìrù ẹyẹ kan tàbí ẹ mú kí ìlà kan nípọn sí i, gbogbo ìyókù á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbàárà lè rí bí Ìbàdàn Dùn tàbí bátànì tuntun yín ṣe máa rí lórí ọ̀pá aṣọ kan kí ẹ tó ti iyẹ́ bọ ẹ̀kọ. Kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aládìrẹ o. Ẹni tó bá ti rí ọwọ́ àwọn ìyá wa lórí aṣọ mọ̀ pé bátànì tó bára mu jù máa ń dà bí òkú.

Plugin, ìyẹn àfikún kékeré tó ń fún sọ́fítíwíà ní iṣẹ́ tuntun: Paint.NET gba kí ẹ fi kún un. Ẹ gbà á, ẹ tú u, kí ẹ kó fáìlì tó ní .dll nídìí sínú fódà Effects tó wà ní C:\Program Files\paint.net, ẹ pa á, ẹ tún un ṣí. Ẹ má kó ju èyí tí ẹ nílò lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kọ́ àwọn ará ilé, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ kan

Kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n jókòó ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sì wà lórí máùsì. Ẹ tẹ àwọn wọ̀nyí sórí bébà kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: Windows, Shift àti S fún yíya ojú kọ̀ǹpútà, Shift mọ́lẹ̀ (Ctrl ni nínú Inkscape) bí ẹ bá ń fa ìlà kó lè gún, tàbí róbótó kó lè rí róbótó, Ctrl àti Z láti padà sẹ́yìn, Ctrl àti S láti tọ́jú. Mẹ́rin yìí tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ fẹnu kò lórí bí ẹ ó ṣe máa tọ́jú fáìlì. Èyí tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ wà ní fódà kan, ní irú fáìlì tí sọ́fítíwíà náà ni: .svg fún Inkscape, .pdn fún Paint.NET, .xcf fún GIMP. Èyí tó ń jáde lọ wà ní fódà kejì. Fún ohun tó ní ọ̀rọ̀ àti ìlà, PNG ni kó jẹ́. JPEG ń jù lára àwòrán nù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un tọ́jú, ìdí nìyẹn tí etí lẹ́tà fi ń ní eruku. Fọ́tò ni kí ẹ fi í mọ sí. Bí ẹ bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, Document ni kí ẹ fi í ránṣẹ́, kì í ṣe Photo, torí WhatsApp á fún un pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́.

Bó bá jẹ́ bánà tàbí káàdì tó pọ̀ ni, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan. Búlúù tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà sábà máa ń ṣókùnkùn lórí bébà, nítorí iná ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, tádàwà sì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń ṣe tirẹ̀. Ó sàn kí ẹ mọ̀ lórí ẹyọ kan ju lórí ẹgbẹ̀rún lọ.

Lópin ọ̀sẹ̀, ẹ bèèrè ohun tó dí wọn lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ bọ́tìnnì tí wọn kò rí, ẹ fi hàn wọ́n. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ń falẹ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì, ẹ mú èyí tó fúyẹ́. Bó bá jẹ́ àbùkù sọ́fítíwíà lóòótọ́, àwọn tó ń ṣe Inkscape, GIMP àti Krita ń gba ẹ̀sùn ní ìkànnì wọn: ẹ kọ nọ́ńbà sọ́fítíwíà yín, irú Windows yín, ohun tí ẹ tẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Pàápàá bó bá jẹ́ ti àmì ohùn Yorùbá, ẹ fi àwòrán rẹ̀ kún un, kí ẹni tí kò gbọ́ èdè wa lè rí ibi tí àmì náà ti gbun.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ìgbà tí ẹ ti gbé e síbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò ní Settings, Apps. Fáìlì tí ẹ fi gbé ìyókù wọlé, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí fláàṣì kan pẹ̀lú àwọn fọ́ǹtì, aro.gpl àti àwòṣe ìwé yín. Bí kọ̀ǹpútà tuntun bá dé, wákàtí kan ti tó láti tò ó.